Akẹ́kọ̀ọ́ Kò Kọ Ìkànnì Ẹ̀kọ́, Ìṣirò Ló Ń Ṣe

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ unifásítì, ẹ̀yin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wá bá wa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní Benin níbí, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru.

Ọ̀rọ̀ ìkànnì ẹ̀kọ́ orí ayélujára la fẹ́ sọ: Moodle, Google Classroom àti irú wọn. Ẹ̀sùn tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni pé àwọn ti gbé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ ò débẹ̀. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, àwọn mìíràn á ní TikTok ló ti gba ọkàn wọn. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fi fóònù sanwó lọ́jà Wàndó, tó ń fi í wá iṣẹ́, tó ń fi í ta bàtà fún ẹni tí kò rí rí, ẹ̀rọ kọ́ ló ń dẹ́rù bà á. Ìṣirò ló ń ṣe: èló ni yóò ná mi? Kí ni n óò bá níbẹ̀ tí n kò ní bá lórí WhatsApp? Olùkọ́ alára ńkọ́, ṣé ó ń débẹ̀? Bí ìṣirò yìí kò bá ti gbè é, yóò rọra padà sẹ́yìn, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Àwọn onímọ̀ ti ń tú ọ̀rọ̀ yìí wò tipẹ́. Ní 1989, Fred Davis, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní MIS Quarterly. Nǹkan méjì ló gbájú mọ́: bóyá ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ gbà pé yóò ṣe òun láǹfààní lẹ́nu iṣẹ́, àti bóyá ó gbà pé kò ní ni òun lára. Ohun tó rí, tí àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ sábà máa ń fò dá, ni pé àǹfààní fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ lágbára ju ìrọ̀rùn lọ. Èèyàn á fara da ẹ̀rọ tó le bí iṣẹ́ tó ń bá a ṣe bá ṣe kókó. Èyí tí kò wúlò, bó rọrùn bí omi, kò ní lò ó.

Nígbà tó di 2003, Viswanath Venkatesh, Michael Morris, Gordon Davis àti Fred Davis yìí kan náà kó àbá mẹ́jọ tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọ́n sọ wọ́n di ẹyọ kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí UTAUT, ìyẹn àbá nípa ohun tó ń mú èèyàn tẹ́wọ́ gba ẹ̀rọ kó sì lò ó. Òpó mẹ́rin ló ní: àǹfààní tí a ń retí, wàhálà tí a ń retí, ohun tí àwọn tó jẹ wá lógún ń rò, àti àwọn nǹkan tó yí wa ká tó máa mú kó ṣeé ṣe, ìyẹn iná, dátà, fóònù àti ẹni tí a lè ké sí. Wọ́n ní ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, ìrírí, àti bóyá tinútinú ni tàbí tipátipá, lè fi kún agbára òpó kan tàbí kó dín in kù.

Ibì kan wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ṣàlàyé àbá yìí tó yẹ ká tẹjú mọ́. Òpó mẹ́ta àkọ́kọ́ ń gba inú èrò ọkàn kọjá: wọ́n ń mú kí èèyàn fẹ́ lò ó, fífẹ́ yẹn ló sì ń bí ìlò. Òpó kẹrin kò gba ibẹ̀. Tààrà ló ń lọ sórí ìlò. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹ́ ìkànnì náà tọkàntọkàn, kó má sì lò ó. Nílẹ̀ wa níbí, òpó kẹrin yìí ló ń yẹ̀, nítorí náà òun la ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fídíò tí kò dán púpọ̀, tó ń sáré ní kilobit 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (kilobit la fi ń wọn bí dátà ṣe ń yára kọjá), á jẹ mégà 225 ní wákàtí kan. Tó bá dán díẹ̀ sí i, tó ń sáré ní kilobit 1,000, ó di mégà 450. Ohùn olùkọ́ lásán, ní kilobit 32, kò ju mégà 14 àti díẹ̀ lọ fún wákàtí kan náà. Ká wá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́ọ̀sì mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ fídíò tí kò dán yẹn, mégà 2,700 ni yóò ná lọ́sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ ohùn pẹ̀lú ìwé PDF kékeré kan fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kò ní ju nǹkan bí 180 lọ. Ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ẹ̀kọ́ kan náà sì ni.

Ìwé alára ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ojú ìwé 30 tí a kọ nínú Word tí a sì sọ di PDF tààrà kì í sábà pé mégà 1 bí àwòrán ò bá pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ tó fi fóònù ya ojú ìwé 30 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní mégà 3 fún ẹyọ kan, ti gbé mégà 90 lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ìwé náà ò tún ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ò sì ṣeé fẹ̀ dáadáa lójú fóònù. Bó bá jẹ́ ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ni, kí a fi áàpù tó ń ya ìwé, tó ń sọ ọ́ di dúdú àti funfun, yà á. Ìwọ̀n rẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an.

Àwọn tó wà ní Benin ní 2018 á rántí pé ní oṣù keje, ìjọba pàṣẹ owó orí fáráǹkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi wo WhatsApp, Facebook àti ẹgbẹ́ wọn. Ariwo sọ, oṣù kẹsàn-án ò tíì parí tí wọ́n fi fagi lé e. Ká ní ó dúró ni, ìwé mégà 20 tí olùkọ́ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ì bá ná akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní fáráǹkì 100 owó orí, láì tíì ka owó dátà. Owó orí ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣì ń ka mégà.

Ẹni tí ìkànnì ẹ̀kọ́ ń bá du akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, ẹ̀rọ fọ́tòkópì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni. Bí ojú ìwé kan bá jẹ́ fáráǹkì 25, ìwé kọ́ọ̀sì olójú ìwé 60 di 1,500. Owó gidi ni, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò wá iná, kò wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíírò sì ń fàlà sí i. PDF mégà 2 lórí ìkànnì lè borí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Fídíò ò lè borí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí àǹfààní lọ́jọ́ kìíní, kó kọ́kọ́ fi ìwé tí wọn ì bá lọ ra síbẹ̀.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tún ń yí ìṣirò padà. Ẹni tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ lè rìn lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Ẹni tó padà sóko lẹ́yìn Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní Kétu, ààlà Nàìjíríà ò jìnnà. Fóònù lè já nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé sílẹ̀ kó lọ so mọ́ òpó ti òdìkejì, dátà á kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tàbí kí owó máa jó lọ láìmọ̀. Ẹ lọ sínú ètò fóònù, ẹ pa roaming, ìyẹn lílo nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì dípò kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti yàn. Moodle ní áàpù tó lè gba gbogbo ìwé kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí a máa kà á lẹ́yìn náà láìsí dátà. Ṣùgbọ́n áàpù náà kì í wọlé bí alábòójútó ìkànnì ò bá tíì gba ìlò orí fóònù láàyè nínú ètò sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbìyànjú, áàpù kọ̀ ọ́, ó pa á rẹ́. A kì í rí i kó tún un gbé wọlé.

Ó ku WhatsApp. Ẹ má bá a jà, ẹ ò ní borí. Ẹgbẹ́ kan lórí rẹ̀ lè gba èèyàn 1,024, gbogbo wọn ló sì ti wà níbẹ̀ kí olùkọ́ tó dé. Àbùkù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ àṣetiléwá máa ń rì sáàárín ìkíni àti àwàdà, kò sí ẹ̀rí ìgbà tí ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí fóònù olùkọ́ bá sọnù, kò sì sí ibi tí máàkì ń gbé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí WhatsApp máa kéde, kí ìkànnì máa gba iṣẹ́, kó máa pa ìwé mọ́, kó sì máa fi máàkì hàn. Olùkọ́ tó bá fi fáìlì kan náà sí ibi méjèèjì ti pa ìkànnì fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi tún rìn dé ibi kejì. Ẹ̀gún kékeré kan wà níbẹ̀ o: bó bá jẹ́ dátà WhatsApp nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ rà, líǹkì tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní ṣí. Ẹ kọ ohun tó wà nínú líǹkì náà àti ìwọ̀n rẹ̀ ní mégà sí abẹ́ rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó yẹ kóun dúró di ìgbà tóun bá dé ibi tí Wi-Fi wà.

Òpó kẹta, ti àwọn tó jẹ wá lógún, èèyàn méjì ló gbé e ró ní unifásítì: olùkọ́ tó ń fúnni ní máàkì, àti olórí kíláàsì tó ń pín ìròyìn. Bí olórí kíláàsì bá ṣì ń bá olùkọ́ gba ìwé wá sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, gbogbo kíláàsì á jókòó dè é. Ti olùkọ́ ló wúwo jù. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ bi lórí ìkànnì tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa ń sọ fún àwọn yòókù pé ilé náà ṣófo. Ní 2001, Anol Bhattacherjee fi hàn pé ohun tó ń mú èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ohun tó ń mú un máa lò ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, bóyá ohun tó bá níbẹ̀ bá ohun tó retí mu ni yóò sọ bóyá yóò padà wá. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló ṣe pàtàkì, nítorí náà. Kí iṣẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, tí kò gba ju ìlà mẹ́wàá lọ, kí máàkì rẹ̀ sì jáde láàárín ọjọ́ méje pẹ̀lú gbólóhùn kan péré tí olùkọ́ kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tí kò ráyè ṣe èyí, ó sàn kó má tíì ṣí ojúlé kọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ní ti akáǹtì, a ó kọjá kíá. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wọ Moodle láti inú fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì tí a kọ ní ọ̀rọ̀ lásán. Excel tí èdè rẹ̀ jẹ́ Faransé máa ń fi àmì sẹmikólọ̀nù ya òpó tábìlì kan sí èkejì, nítorí náà ẹ yan àmì yẹn nígbà tí ẹ bá ń gbé fáìlì wọlé, kí gbogbo ìlà má baà wọlé bí òpó kan ṣoṣo. Ẹ fi UTF-8, ìyẹn ètò ìpamọ́ lẹ́tà tó mọ àmì orí ọ̀rọ̀, pa fáìlì mọ́, àìṣe bẹ́ẹ̀ gbogbo orúkọ tó ní àmì á dàrú, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní rí ara rẹ̀ nínú ìwé orúkọ. Ímeèlì tí a fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti oníbùdó íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè gba ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun padà fún ọmọ náà. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kí kálukú wá wọlé lójú yín, kó sì tún ímeèlì rẹ̀ ṣe.

Ìdánwò ni ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti máa ń bàjẹ́ pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dárí ji ìkànnì tó ń lọ́ra. Èyí tó jẹ ẹ́ ní máàkì, kò ní dárí jì í láéláé, yóò sì sọ fún àwọn àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí agogo. Bí sáfà yín bá wà lórí àsìkò Paris, wákàtí kan ló fi ṣáájú wa láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá. Gbèdéke 11:59 alẹ́ tí olùkọ́ kọ síbẹ̀ á ti ilẹ̀kùn ní 10:59 tiwa. Ní ìgbà òtútù wọn, àsìkò méjèèjì á bára mu, àṣìṣe náà á sì farasin, ni àwọn kan á bá ní irọ́ ni àwọn ọmọ ń pa. Nínú ètò Moodle, ẹ yan Africa/Porto-Novo, kí ẹ sì fi ipá mú un fún gbogbo akáǹtì.

Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n fáìlì. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí Moodle ń sáré lórí rẹ̀, kì í gbà ju mégà 2 lọ fún fáìlì kan bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fóònù ya iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ ní mégà 3 á máa rí àṣìṣe títí gbèdéke á fi kọjá. Ẹ gbé upload_max_filesize (ìwọ̀n fáìlì kan) dé 20M, kí post_max_size (ìwọ̀n gbogbo ohun tí a fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan) sì ga jù ú lọ. Ẹ rántí pé ìwọ̀n tún wà lórí kọ́ọ̀sì, òmíràn sì wà lórí iṣẹ́ náà gan-an, èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ti àkókò ìdánwò, ẹ má ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 600 wọlé ní agogo mẹ́jọ géérégé. Sáfà kékeré á dákú. Ẹ ṣí i fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ogójì ìṣẹ́jú láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá wọlé nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí ilẹ̀kùn tì, ogún ìṣẹ́jú yẹn nìkan ló ní. Moodle máa ń pa ìdáhùn mọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bí a kò bá yí ètò náà padà, nítorí náà bí iná bá lọ, èyí tó ti kọ kò ní pòórá tán. Kí ẹ yan kí iṣẹ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé. Ètò mìíràn tó wà níbẹ̀, tó ní iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ kò ní í kà, ìkà ni fún ọmọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń já. Síbẹ̀, fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ti já, cron, ìyẹn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó yẹ kó máa sáré lórí sáfà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ló ń bá a fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí cron bá ti kú, ìdánwò rẹ̀ á wà níbẹ̀ bí èyí tí kò parí, ìkéde olùkọ́ pàápàá kò sì ní jáde lọ sí ímeèlì ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé Moodle ò ránṣẹ́ mọ́, cron ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

A lè gbà kí wọ́n ṣe ìdánwò nínú áàpù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ìdáhùn wọlé nígbà tí wọ́n bá dé ibi tó wà. Alábòójútó gbọ́dọ̀ ṣí àyè náà. Kì í ṣiṣẹ́ fún ìdánwò tó ní òǹkà àkókò, nítorí náà iṣẹ́ àdáṣe ló yẹ, kì í ṣe ìdánwò ìparí sáà.

Àwọn tó fẹ́ wọn ìtẹ́wọ́gbà yìí fún ìwé Master wọn, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ìwé ìbéèrè tí ẹ ń fi Google Forms pín sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ń bá kìkì àwọn tó ní dátà lọ́jọ́ náà sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ ń wá gan-an, ẹni tí kò lò ó, kò sí níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ pín in nínú gbọ̀ngàn níbi tí gbogbo wọn bá pé sí. Ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún òpó kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn láti 1 dé 5, kí alpha Cronbach, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè òpó kan bára mu, má sì dín ní 0.70. Ẹ yẹra fún gbólóhùn Faransé tó ní òdì méjì nínú. Wọ́n máa ń ba alpha jẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìdáhùn wọn wé ohun tí Moodle kọ sílẹ̀ nípa ìwọlé wọn. Ìyẹn náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ń lo fóònù kan pẹ̀lú akáǹtì kan máa ń hàn bí ẹyọ kan. Níbi tí máàkì bá sì ti fi dandan mú wọn, iye ìwọlé kò sọ nǹkan kan nípa ìtẹ́wọ́gbà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí máàkì ti jáde.

Ó wá ku àwọn tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí Senegal dá unifásítì orí ayélujára rẹ̀ sílẹ̀ ní 2013, wọn ò fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ sílé pẹ̀lú fóònù nìkan. Wọ́n ṣí àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní ENO káàkiri orílẹ̀-èdè, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó wà. Èyí tó kéré sí i ṣeé ṣe níbí. MoodleBox jẹ́ Moodle tí a gbé sórí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi, ó ń tan Wi-Fi tirẹ̀, fóònù ń so mọ́ ọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, bátìrì kékeré sì lè gbé e. Bí èèyàn bá pọ̀, Wi-Fi inú rẹ̀ kì í gbé wọn, ẹ fi okùn so ẹ̀rọ Wi-Fi tó tóbi mọ́ ọn. Kì í fúnra rẹ̀ bá sáfà ńlá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní láti gba kọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní fáìlì .mbz, ìyẹn fáìlì tí Moodle fi ń di kọ́ọ̀sì pọ̀, láti Àjàṣẹ́, kó fi flash gbé e lọ sí Kétu, kó tú u síbẹ̀, kó sì kó máàkì padà wá ní CSV lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kí a kọ orúkọ ẹni yẹn sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ètò ìnáwó.

A dúpẹ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ọwọ́ sókè.